Ibi Tí A Bá Ń Sùn Ni Ìlú Wa

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, kí oòrùn tó là dáadáa, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé alájà kan ní Abúlé Òkúta, ní àgbègbè Bàrígà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń kó ẹrù sí i: ibùsùn, tìmùtìmù, ìkòkò, garawa omi, ẹ̀rọ ìránṣọ kan, àti ìwé tí a fi okùn dì ní ìdì-ìdì. Ẹni tí ó ni ẹrù náà kì í ṣe àjèjì sí wa. Olùkọ́ ni, inú kíláàsì kan náà ni a jọ jókòó sí ní kọ́lẹ́jì tí a ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí ó ti ń gbé yàrá méjì nínú ilé náà, ilé ẹ̀kọ́ tí ó sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n onílé fi kún owó ilé, ó tún fi kún un, àpò olùkọ́ kò sì gbà á mọ́. Ọ̀rẹ́ wa ti ra ìdajì pulọ́ọ̀tì ní abúlé kan lẹ́yìn Ìbàfò, ó ti fi búlọ́ọ̀kù kọ́ yàrá méjì síbẹ̀, ó sì ti kan páànù lé e.

"Tíṣà, ilé tuntun á tura o," ni àwọn obìnrin àdúgbò ń wí.

"Àmín o, ẹ̀yin ìyá wa," ni òun náà ń dá wọn lóhùn; ṣùgbọ́n àwa tí a mọ̀ ọ́n rí i pé ojú rẹ̀ kò kúrò lára ilé tí ó ń fi sílẹ̀.

Kì í ṣe nítorí ọ̀rẹ́ wa nìkan ni a ṣe mú kálàmù lónìí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé Ṣómólú, Bàrígà, Múṣin tàbí Yábà mọ olùkọ́ kan, tàbí akọ̀wé ọ́fíìsì kan, tàbí atẹ̀wé kan, tí ó ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ìgboro lọ sí abúlé, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní ìgboro síbẹ̀. Ìlú kan ni wọ́n ti ń sùn, ìlú mìíràn ni wọ́n ti ń jẹun. Ìbéèrè tí a fẹ́ bi ẹ̀yin òǹkàwé wa ni èyí: nínú ìlú méjèèjì, èwo ni ìlú irú ẹni bẹ́ẹ̀? A gbà pé lórí ìdáhùn ìbéèrè yìí ni ire tàbí ìbànújẹ́ ọ̀pọ̀ ìdílé dúró lé.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí á wo orúkọ ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù náà ti gbéra. Abúlé Òkúta ni à ń pè é. Abúlé! Bí ẹnìkan bá dúró ní àárín rẹ̀ lónìí, tí ó rí bí ilé ti fara ti ilé, tí kẹ̀kẹ́ Máruwá àti dánfó ń fún fèrè mọ́ ara wọn, yóò rò pé ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Abúlé ni ó jẹ́ ní tòótọ́, gẹ́gẹ́ bí púpọ̀ nínú àwọn àdúgbò tí ó yí i ká ti jẹ́ abúlé àti oko. Nígbà tí a ka àwọn ènìyàn ní ọdún 1952, àwọn tí ó wà nínú ìlú Èkó jẹ́ nǹkan bí 267,000. Nígbà tí a tún kà wọ́n ní ọdún 1963, wọ́n ti di nǹkan bí 665,000. Níbo ni kí erékùṣù kékeré rí ilẹ̀ fún irú ogunlọ́gọ̀ bẹ́ẹ̀? Kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè yà sí bí kò ṣe orí ilẹ̀ òkè, láti Èbúté Mẹ́ta sí Yábà, láti Yábà sí Múṣin, Ṣómólú àti Bàrígà.

Àwọn àgbà olùkọ́ tí ń ka ìwé yìí yóò rántí pé láti ọdún 1954 ni a ti ya Èkó sọ́tọ̀ fún ìjọba àpapọ̀, tí Múṣin, Ṣómólú àti Bàrígà sì wà lábẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Marínà tí ó sì ń sùn ní Ṣómólú nígbà náà ń kọjá ààlà ìjọba kan bọ́ sí òmíràn ní àràárọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń sùn ní Ìbàfò lónìí ti ń kọjá láti Ìpínlẹ̀ Ògùn sí Ìpínlẹ̀ Èkó. Owó ilé ni ó lé e jáde, ilẹ̀ tí kò wọ́n ni ó sì fà á lọ. Ṣùgbọ́n ó rí ohun kan jẹ níbẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955 ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1957 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó dé inú Èkó fúnra rẹ̀. Fún ọdún méjì gbáko, ọmọ ará oko Ṣómólú ń kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí bàbá ọmọ ìgboro Èkó ń sanwó. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe ilẹ̀ pọ́ọ́kú nìkan ni abúlé fi gba àlejò rẹ̀, ìjọba tí ó bá a níbẹ̀ ní ohun kan tí ó fẹ́ ṣe fún ọmọ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn ènìyàn. Ilé ẹ̀kọ́ girama ti C.M.S., tí a dá sílẹ̀ ní erékùṣù Èkó ní ọdún 1859, kó lọ sí Bàrígà ní ọdún 1959, nígbà tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní ọdún 1962 ni a dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀, Akọka tí kò jìnnà sí ibẹ̀ ni ó sì di ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 ni a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, tí ìgboro àti abúlé sì bọ́ sábẹ́ ìjọba kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni abúlé ṣe di ìgboro. Ṣómólú di ibi tí gbogbo Nàìjíríà ń gbé iṣẹ́ ìwé títẹ̀ wá, Bàrígà kún, Abúlé Òkúta sì kún pẹ̀lú.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo àwọn tí ó ti kúrò ní erékùṣù ni ó fi ọwọ́ ara wọn di ẹrù. Ní ọdún 1955 ni Ìgbìmọ̀ Àtúnṣe Ìlú Èkó, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí L.E.D.B., pète láti wó ilé orí ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí 70 éékà ní àárín Èkó, kí a sì kó àwọn tí ń gbé ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tí a kọ́ fún wọn dára ju èyí tí a wó lọ; atẹ́gùn wà níbẹ̀, ọ̀nà sì tọ́. Síbẹ̀, nígbà tí Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ bá wọn láti bi wọ́n léèrè bí wọ́n ti ń gbé, ohun tí ó gbọ́ tí ó sì kọ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1961 kò dùn ún gbọ́. Obìnrin tí ń tajà ní iwájú ilé rẹ̀ ní Èkó ti pàdánù oníbàárà. Ọkùnrin tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ibi iṣẹ́ ń san owó ọkọ̀ lójoojúmọ́. Ìyá àgbà tí ọmọ-ọmọ ń sá wọ yàrá rẹ̀ láàárọ̀ wà ní òun nìkan. Wọ́n ní ilé tuntun, ṣùgbọ́n wọn kò tí ì ní ìlú. Àwa gbà pé nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí Sùúrùlérè kọ́ wa, èyí ni ó tóbi jù: ilé nìkan kì í sọ ibi kan di ìlú.

Kí ni ó wá ń sọ ọ́ di ìlú? Ẹ jẹ́ kí á wo Múṣin, aládùúgbò Ṣómólú. Sandra Barnes, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan nípa rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1986. Ó fi hàn nínú rẹ̀ bí àwọn tí ó wá láti ibi gbogbo ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní ìta rẹ̀, tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n rí, ṣe ra ilẹ̀, tí wọ́n kọ́lé, tí wọ́n sì di ẹni tí à ń kó ẹjọ́ lọ bá. Wọ́n parí ìjà láàárín ayálégbé, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń lọ bá àwọn olóṣèlú àti àwọn aláṣẹ nítorí ọ̀ràn àdúgbò wọn. Wọn kò dúró de ìgbà tí ẹnìkan yóò wá sọ wọ́n di ọmọ ìlú. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n sọ ara wọn dà á.

Ṣùgbọ́n a ní láti sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀. Ilé ṣáájú ọ̀nà ní púpọ̀ nínú àwọn àdúgbò wọ̀nyí, ọ̀nà sì ṣáájú gọ́tà. Òjò kan tí ó bá rọ̀ dáadáa lónìí a máa rán àwọn ará Ṣómólú àti Bàrígà létí ohun tí a gbàgbé láti ṣe nígbà tí ilẹ̀ ṣì ṣófo. Ẹni tí ó bá fẹ́ la ọ̀nà omi nísinsìnyí, ilé ẹnìkan ni yóò wó. Ó rọrùn láti fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún gọ́tà nígbà tí ó jẹ́ koríko. Nígbà tí ó bá ti di pálọ̀ ẹnìkan, ẹjọ́ dé.

Ìtàn yìí kan náà ni ó tún ń ṣẹlẹ̀ níwájú wa, ní ìbùsọ̀ díẹ̀ síwájú. Láti ìgbà tí a ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1978 ni àwọn abúlé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń fa ènìyàn mọ́ra. Àwọn ìjọ onígbàgbọ́ àti ẹgbẹ́ mùsùlùmí ra ilẹ̀ gbalasa síbẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ sì ń tẹ̀ lé wọn. Àrẹ́pò, Màgbọ́rọ̀, Ìbàfò, Àṣẹ̀sẹ̀, Mowé: orúkọ ibùdókọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn jẹ́ fún wa tẹ́lẹ̀, orúkọ ilé ni wọ́n jẹ́ lónìí. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni Ìbàfò àti Mowé wà. Ilẹ̀ ìrẹsì Ọ̀fàdà ni, ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni. Ibi tí a ń gbin nǹkan wọ̀nyí sí láná ni a ń gbin búlọ́ọ̀kù sí lónìí.

Ohun tí ó ń lé àwọn ènìyàn kúrò kò ṣòro láti rí. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ní ọdún 2011 pé kí onílé má ṣe gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun; ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wá ilé mọ bí àwọn onílé púpọ̀ ti ń pa òfin náà mọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ epo tún dé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo kan tí kò tó 200 náírà kọjá 480 náírà. Ẹni tí ó ti kó lọ sí abúlé kí ó lè sá fún owó ilé wá bá owó ọkọ̀ níwájú ọ̀nà, tí ó jókòó tí ó ń dúró dè é.

Ẹ padà wo ọ̀rẹ́ wa. Aago mẹ́rin òru ni ó ń jí. Ọ̀kadà ni ó ń gbé e jáde sí títì márosẹ̀, ọkọ̀ kan gbé e dé Berger, òmíràn gbé e dé Ọ̀jọ́ta, òmíràn sì tún kù kí ó tó rí Abúlé Òkúta. Bí ọ̀nà bá dára, wákàtí méjì ni. Ìrọ̀lẹ́ náà wákàtí méjì. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò náà lójú pátákó. Wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún jẹ́ ogún wákàtí lọ́sẹ̀. Bí sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjìlá, sáà mẹ́ta jẹ́ ọ̀sẹ̀ 36. Ogún lọ́nà 36 jẹ́ 720 wákàtí. Ẹ fi wákàtí 24 pín in: ọgbọ̀n ọjọ́ ni. Oṣù kan gbáko, tọ̀sán-tòru, ni ọkùnrin yìí ń lò nínú ọkọ̀ lọ́dọọdún. Kò sí nínú ilé rẹ̀, kò sì sí níwájú kíláàsì rẹ̀.

Ohun tí ó dùn wá jù lọ ni èyí tí òun fúnra rẹ̀ sọ fún wa, tí ó fi rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n tí ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Olùkọ́ tuntun béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré pé níbo ni bàbá rẹ̀ ń gbé. Ọmọ náà dáhùn pé, "Bàbá mi ń gbé ní Èkó. Ó máa ń wá sí ilé wa ní ọjọ́ Sátidé." Ẹni tí ó kọ́ ilé ti di àlejò nínú rẹ̀! Àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti ń jáde lọ sí oko kí àkùkọ tó kọ, tí kò sì wọlé kí ọmọ tó sùn, ìgbà wo ni ìsinmi náà?

Àwa kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kó lọ. Ẹni tí ó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ fún olùkọ́ tí owó ilé ti gba ìdajì owó oṣù rẹ̀ kò bẹ̀rù Ọlọ́run. Ilé ara ẹni, bí ó tilẹ̀ kéré, iyì ni. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a la ojú wa lọ. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ fi nǹkan mẹ́ta siwájú ẹni tí ó ń wo abúlé lọ́wọ́.

Èkíní ni ọ̀nà. Má ṣe wo iye pulọ́ọ̀tì kí o tó wo ọkọ̀ tí yóò máa gbé ọ lọ gbé ọ bọ̀. Kò sí ọkọ̀ ojú irin tí ó kọjá ní Ìbàfò tàbí Mowé. Ọ̀nà irin gba ìhà Agége àti Àgbádó kọjá, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí láti ayé àwọn òyìnbó tí ó la ojú irin dé Ìbàdàn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ pupa ti Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Àgbádó dé Ọ̀yìngbò. Ó ń dúró ní Ìkẹjà, Òṣòdì, Múṣin àti Yábà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Bàrígà lè sọ̀ ní Yábà. Ní ìhà Ìkòròdú, ọ̀nà ọkọ̀ akérò ńlá B.R.T. tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008 dé Ìkòròdú ní ọdún 2015, ẹ̀gbẹ́ Ṣómólú gan-an ni ó sì ń gbà kọjá. Pulọ́ọ̀tì tí ó wọ́n díẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà irin lè rọni lọ́rùn ju èyí tí kò wọ́n rárá tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ mẹ́ta ni a ó wọ̀ kí a tó dé ibẹ̀. Gbìyànjú ìrìn náà fún ọ̀sẹ̀ kan, láti aago márùn-ún ìdájí, kí o tó san kọ́bọ̀.

Èkejì ni omi. Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn tí ń ta ilẹ̀ fẹ́ràn láti mú oníbàárà lọ wo ilẹ̀. Ìwọ, lọ wò ó ní oṣù Kẹsàn-án tàbí oṣù Kẹwàá. Odò Ògùn ń ṣàn gba ìhà Ìṣẹrì kọjá lọ sí ọ̀sà, nígbà tí a bá sì tú omi sílẹ̀ láti orí ìdídò Ọ̀yán ní àkókò òjò, ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ibẹ̀ a di adágún. Béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí ó ti ń ro ibẹ̀ láti kékeré; òun mọ ibi tí omi ń sùn. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹ̀kẹta ni ìwé. Láti ọdún 1978 ni òfin ilẹ̀ ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ ìtọ́jú gómìnà. Rìsíìtì tí ẹbí kan kọ fún ọ kò tó. Mú ìwé ìwọ̀nlẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí ó wà fún un, ní Abẹ́òkúta bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ti Ògùn, tàbí ní Alausa bí ó bá jẹ́ ti Èkó, kí wọ́n sọ fún ọ bóyá ìjọba kò ti gba ilẹ̀ náà ṣáájú. Ìpínlẹ̀ méjèèjì ni ó ti ṣe òfin ní ọdún 2016 láti dá àwọn ọmọ onílẹ̀ ajagungbalẹ̀ lọ́wọ́ kọ́. Ẹni tí kò ní ìwé ni kò lè jẹ àǹfààní òfin.

Bí a bá ti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Èyí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti kó ẹrù wọn lọ sí abúlé tí wọn kò kó ara wọn lọ. Wọ́n ń sùn níbẹ̀ bí ẹni tí ó sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì. Wọn kò mọ orúkọ baálẹ̀, wọn kò mọ kánsílọ̀, wọn kò yọjú sí ìpàdé àwọn onílé rí. Nígbà tí ìbò bá dé, Bàrígà ni káàdì ìdìbò wọn wà. Ọ̀nà ọkọ̀ sì ti dí, nítorí náà wọn kò dìbò rárá. Kánsílọ̀ tí ó mọ̀ pé ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ó wà ní àdúgbò kan kò ní ìbò kan, kí ni yóò mú kí ó da kọ́tà sí ọ̀nà wọn?

Ẹ̀yin alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù tí ẹ ìbáà jẹ́, ọ̀rọ̀ yín ni èyí. Òfin ìdìbò fún ẹni tí ó ṣípò padà ní àyè láti béèrè pé kí a gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí ibi tí ó ń gbé báyìí. Ẹ lọ béèrè rẹ̀. Bákan náà ni owó-orí: ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé ni òfin ń wò láti mọ ìpínlẹ̀ tí ó ni owó-orí rẹ̀. Ẹni tí ó ń sùn ní Ìpínlẹ̀ Ògùn tí ó sì jẹ́ kí a kọ Èkó sí iwájú orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ibi iṣẹ́ ti fi owó ọ̀nà abúlé rẹ̀ ta Èkó lọ́rẹ, lẹ́yìn náà ni ó wá ń bú Abẹ́òkúta pé ọ̀nà kò dára.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀bùn kan wà lọ́wọ́ yín tí àwọn mìíràn kò ní. Abúlé tí ilé pọ̀ sí lójijì, tí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ibẹ̀ kò sì tí ì pọ̀ tó, nílò olùkọ́ ju bí ó ti nílò búlọ́ọ̀kù lọ. Wákàtí méjì ní ọjọ́ Sátidé lábẹ́ igi tàbí nínú gbọ̀ngàn ìjọ, fún ọmọ tìrẹ àti ọmọ àgbẹ̀ pọ̀, yóò sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo abúlé mọ̀. Ẹ má ṣe fi ojú àìmọ̀wé wo àwọn tí ẹ bá níbẹ̀. Àwọn ni ó ni ilẹ̀ tí a rà. Púpọ̀ nínú wọn ti ta oko, owó oko sì ti tán. Bí ará ìlú bá dé tí ó mọ ògiri gíga, tí kò kí ẹnikẹ́ni, ìkùnsínú ni yóò gbìn, kì í ṣe òdòdó.

A kò ní fi ọ̀rọ̀ mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń kó lọ nìkan. Ìjọba náà ní tirẹ̀. Ní ọdún 1983 ni Gómìnà Láteef Jákàńdè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ìgboro fún Èkó. Ní ọdún 1985 ni ìjọba ológun pa á tì. Ogójì ọdún, ó dín díẹ̀, ni ó kọjá kí ọkọ̀ irin ìgboro tó rìn ní Èkó ní ọdún 2023. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó sọ oṣù kan nínú ọdún olùkọ́ di ti inú ọkọ̀, kí ó wo inú ogójì ọdún yẹn. Ní ọdún 2021 ni àwọn gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó àti ti Ògùn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé àwọn yóò jọ máa tún àgbègbè ààlà ìpínlẹ̀ méjèèjì ṣe. Ìwé dára, ṣùgbọ́n ilé kò dúró de ìwé. Lójoojúmọ́ ni búlọ́ọ̀kù ń gorí búlọ́ọ̀kù. Ẹ fa ìlà ọ̀nà àti ìlà gọ́tà nísinsìnyí tí koríko ṣì wà lórí ilẹ̀, kí ẹ sì ya ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, ti ọjà àti ti ilé ìwòsàn sọ́tọ̀, kí a má bàa wá fi katapílà wá wọn lọ́la.

Nígbà tí a lọ kí ọ̀rẹ́ wa ní àsìkò òjò tí ó kọjá, ìpàdé àwọn onílé ni a bá a. Odidi ọdún kan ni kò fi yọjú síbẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí àgbàrá gé ọ̀nà wọn, tí òun dúró ní òdìkejì pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́, ni bàbá àgbẹ̀ kan na ọwọ́ sí òun tí ó sì wí pé, "Tíṣà, àwa rò pé àlejò ni yín, a kò mọ̀ pé ẹ ń gbé ibí." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ nísinsìnyí. Wọ́n ti dáwó, wọ́n ti ri páìpù oníkọnkéré sí ibi tí àgbàrá ń gé, wọ́n sì ti kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé kejì ni wọ́n rí èsì sí. Ó ti gbé orúkọ ìdìbò rẹ̀ wá sí Ìbàfò. Ó ṣì ń jí ní aago mẹ́rin. A kò ní parọ́ fún yín pé ọ̀nà ti kúrú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń jáde, àwọn ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ń kí i láti ẹnu ọ̀nà ilé mẹ́rin.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, àwọn tí ó sọ Abúlé Òkúta di ìgboro kò dé ibẹ̀ bí àlejò tí yóò padà lọ́la. Ohun tí wọ́n ṣe dáadáa ni a ń jẹ títí di òní. Ohun tí wọ́n gbàgbé ni ó ń rì wá nígbà òjò. Àwọn abúlé tuntun wà níwájú wa, ilẹ̀ wọn ṣì gba àtúnṣe. Kí ẹni tí ó bá ń kó lọ síbẹ̀ di ẹrù rẹ̀ dáadáa, kí ó sì di ìbò rẹ̀, owó-orí rẹ̀, ìmọ̀ rẹ̀ àti ìfẹ́ ọmọnìkejì mọ́ ọn. Iṣẹ́ lè wà ní ibi tí ó bá wù ú. Ibi tí a bá ń sùn, tí ọmọ wa ń sùn, ni ìlú wa.